FÈRÈ, DÙÙRÙ, ÀTI ỌMỌ TÍ WỌ́N FẸ́ LÉ

Orin kan ni mo gbọ́ ní ọjọ́ kan tí mo fi iṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀. Ènìyàn méjì péré ni ó ń ṣe é: ọ̀kan ń fọn fèrè, èkejì ń tẹ dùùrù. Fèrè ń lé, dùùrù ń gbè é.

Gaetano Donizetti, ọmọ Bergamo ní ilẹ̀ Ítálì, ni ó kọ orin náà ní 1819. Inú ìṣẹ́ ni wọ́n bí i sí ní 1797. Bàbá rẹ̀ wá di olùṣọ́ ilé tí àwọn tálákà ti ń fi ẹrù dógò yá owó. Níbo ni irú wọn yóò ti rí owó olùkọ́ orin?

Ọlọ́run kò sùn. Ní 1806, Simon Mayr, ọmọ Jámánì tí ó ń darí orin ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Bergamo, dá ilé ẹ̀kọ́ orin ọ̀fẹ́ sílẹ̀. Gaetano wọlé. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ní àbùkù, wọ́n sì fẹ́ lé e. Mayr ni ó dúró tì í. Nígbà tí ó dàgbà, eré orí ìtàgé tí ó fi orin kọ lé ní 60.

Olùkọ́ ni èmi náà. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo yọ ọmọ kan kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin wa nítorí ohùn rẹ̀. Ojú tì mí. Mo pè é padà, mo fi fèrè lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ má tètè lé ọmọ. Ẹni tí kò lè lé orin lè mọ fèrè fọn.