Ṣé O Mọ̀? Ìgbà Wo Ni Wọ́n Já Ẹ̀fọ́ Inú Ìkòkò Rẹ?

Ṣé o mọ̀ pé gbàrà tí wọ́n bá ti ya àgbàdo tútù ni adùn rẹ̀ ti ń lọ? Ṣúgà inú hóró rẹ̀ ló ń di sítáàṣì díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi a gbé omi kaná ná, kó tó rán wa lọ ya àgbàdo lẹ́yìnkùlé. Kì í fi iyọ̀ sí i. Bá a bá gé e jẹ, omi dídùn á ṣàn dé ìgùnpá. Èyí tó bá ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú àpò lórí ọkọ̀ ńkọ́? Eyín rẹ ló máa sọ fún ọ.

Ṣé o mọ̀ pé tẹ̀tẹ̀ kò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ tó fi tó jẹ? Ebè kan lẹ́yìn ilé ti tó.

Ṣé o mọ̀ pé òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ tòmátì ọjà Mile 12 l'Ékòó ti ń wá? Láti Kánò, ọ̀nà náà tó bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà, nínú apẹ̀rẹ̀, nínú oòrùn. Tìsàlẹ̀ á ti fọ́ kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, owó èyí tó bàjẹ́ á sì gun orí èyí tó kù. Lọ́dún 2016 tí kòkòrò Tuta absoluta ya wọ oko tòmátì ní Kàdúná, ìkòkò ọbẹ̀ wa náà mọ̀ ọ́n lára.

Ṣé o mọ̀ pé ìlú Ọ̀fàdà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ló fún ìrẹsì Ọ̀fàdà lórúkọ? Wọn kì í bó o tán bí ìrẹsì funfun. Awọ pupa tó kù lára rẹ̀ ní fítámì B, ó sì ní fáíbà tí kì í jẹ́ kí ìgbẹ́ há.

Ṣé o mọ̀ pé ara wa ń sọ àwọ̀ pupa inú epo pupa di fítámì A, tí ojú nílò? Ṣùgbọ́n bó o bá yọ́ epo náà lórí iná títí tó fi funfun, o ti sun oore yẹn dànù.

Ṣé o mọ̀ pé gbòǹgbò ẹ̀wà ń bọ́ ilẹ̀ tí wọ́n gbìn ín sí?

Ṣé o mọ̀ pé fítámì C inú ẹ̀fọ́ ń dín kù látìgbà tí wọ́n ti já a, tí ooru sì ń lé e lọ kíákíá? Omi tí wọ́n bá wọ́n sí i lórí àtẹ lè tan ojú rẹ, nítorí náà ṣẹ́ igi rẹ̀ wò. Bó bá dún kẹ́, àárọ̀ yìí ni wọ́n já a. Bó bá tẹ̀ bí òwú, ó ti sùn sọ́jà.