Ọkọ Ń Lu Aya, Ẹbí Ní Kó Ní Sùúrù: Ta Ni Kó Parí Ìjà Náà?

"A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́." Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn nígbà tí obìnrin bá gbé ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ọkọ, ì báà jẹ́ ní Ìdó-Ilé, ní Arámọkọ, ní Ẹ̀fọ̀n tàbí ní Ìjerò. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àmọ́ tí ojú obìnrin bá ti wú, tí eyín ti yọ lẹ́nu rẹ̀, ṣé sùúrù náà la ó tún máa bù fún un bí ẹni ń bu gàrí?

AYÉ ÀTIJỌ́ NÁÀ KÒ GBÀ Á

Àwọn kan máa ń sọ pé láyé àwọn baba wa, obìnrin kì í kọ ọkọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Àlùfáà Samuel Johnson, tí wọ́n tẹ ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ jáde lọ́dún 1921, sọ pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an láyé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ó ní obìnrin tí ọkọ rẹ̀ bá ń hùwà ìkà sí, tí ẹlẹ́rìí sì wà, lè ní kí wọ́n tú òun sílẹ̀.

Ibi ìsádi sì wà. Obìnrin a sá lọ sílé baba rẹ̀, wọn a ní ó dálémosú. Ẹbí ọkọ ni yóò wá dọ̀bálẹ̀, tí wọn yóò jẹ́wọ́ ohun tí ọmọ wọn ṣe, kí baba ìyàwó tó dá a padà. Ìtìjú ẹ̀bẹ̀ yẹn nìkan tó láti dá ọwọ́ ọkọ mìíràn dúró.

OWÓ DÉ, NǸKAN YÍ PADÀ

Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877 da ilẹ̀ Èkìtì rú. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà lọ́dún 1886, ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Bí ọ̀nà ṣe là, òwò gbòde. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, ó dé Òṣogbo lọ́dún 1907. Kòkó wọ oko Èkìtì, ọjà ń gbòòrò, ìlú ń fẹ̀.

Òyìnbó náà dá kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin tí kò fẹ́ ọkọ mọ́ lè lọ síbẹ̀ kí wọ́n dá owó orí padà fún ọkọ. Ẹni tó lówó ọjà lọ́wọ́ lè san án fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò ní, àfi kí ọkọ tuntun bá a san án. Ẹ ò rí i pé owó ló ń ṣí ilẹ̀kùn?

Ẹ̀gbẹ́ kejì tún wà níbẹ̀. Aya a bá ọkọ fọ́ kòkó, a sá a, a rù ú lọ síbi ìwọ̀n. Ìrètí rẹ̀ ni pé lọ́jọ́ kan ọkọ yóò fún un lówó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Nígbà tí ìjà bá dé, oko kòkó di ti ọkọ àti ti ẹbí rẹ̀. Lábẹ́ òfin ìbílẹ̀, aya kì í pín nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fara da ìlù. Wọ́n ń ro ọdún tí wọ́n ti fi ṣe làálàá.

Nígboro lónìí, ìsọ̀ ọjà tàbí máṣíìnì ìránṣọ ló rọ́pò oko kòkó. Ọkọ tó fẹ́ fìyà jẹ aya kì í fi ẹ̀ṣẹ́ nìkan ṣe é. Á ti ìsọ̀, á kó ọjà, á gba owó àjọ.

ÒFIN WÀ NÍLẸ̀

Nígbà ìjọba Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí lọ́dún 2011, Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣe òfin tó lòdì sí ìwà ipá bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2019. Èkó ti ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2007. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015, tí wọ́n ń lò l'Ábújá, sọ pé ẹni tó bá lu ọkọ tàbí aya rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 3, tàbí kó san owó ìtanràn tó tó 200,000 náírà, tàbí méjèèjì. Òfin yẹn ka fífi owó ni èèyàn lára pàápàá sí ìwà ipá.

Ẹni tó ṣègbéyàwó ìbílẹ̀, kóòtù ìbílẹ̀ ni tirẹ̀. Ẹni tó ṣe é ní rẹ́jísírì, Háì Kóòtù ni yóò lọ. Òfin 1970 tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ní kí adájọ́ ronú bóyá ìlàjà ṣì ṣeé ṣe. Ní Èkó, láti ọdún 1999 ni ìjọba ti dá ibi tí wọ́n ti ń pẹ̀tù sí aáwọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ sílẹ̀ fún mẹ̀kúnnù.

BÓ ṢE YẸ KÍ ONÍLÀJÀ ṢE É

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ṣùgbọ́n tí ìlù bá ti wọ ọ̀rọ̀, kí onílàjà gbọ́ tẹnu wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Obìnrin wo ni yóò sọ òótọ́ nígbà tí ọkọ ń fojú mọ́ ọn?

Kó béèrè ìwé dókítà. Kó béèrè ọ̀rọ̀ owó: ta ló ni ìsọ̀, ta ni yóò bọ́ àwọn ọmọ, ta ni yóò san owó ilé ìwé? Ìlàjà tí kò bá fọwọ́ kan owó, ìjà yóò tún bẹ̀rẹ̀ kí oṣù tó kú.

Bí ọkọ bá ti fún un lọ́rùn, tàbí tó yọ ọ̀bẹ sí i, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti àgbà ilé. Ọlọ́pàá àti ilé ìwòsàn ló kàn.

Ẹ má sì gbàgbé pé oríṣi ìparí ìjà méjì ló wà. Ọ̀kan ni kí wọ́n padà sílé. Èkejì ni kí wọ́n túká láìsí òkú. Onílàjà tó bá ṣe èkejì kò tú ilé ká, ẹ̀mí ló gbà là.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń rí ojú tó wú. Bí ọmọ iṣẹ́ tàbí alájọjẹ yín bá ní òun ṣubú nílé ìwẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ pè é sẹ́yìn ìsọ̀. Ẹ kọ́ ọ kó dá àjọ tirẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó ṣeé fọkàn tán. Ẹ̀bẹ̀ dára, àmọ́ òkú kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Kí lẹ̀yin náà rí sí i? Ojú ìwé lẹ́tà ń retí yín.