Oúnjẹ Ẹ̀bùn: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹni tí Ń Dá Fíìmù Ṣe

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ọgbọ́n àtinúdá a máa wá bí òjò: bí ó bá wù ú a rọ̀, bí kò bá sì wù ú a dá. Nígbà tí wọ́n bá rí ẹni tí ó ṣe fíìmù kan tí ó dára, wọn a ní, "Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni". Bí ẹni náà bá ṣe èkejì tí kò dùn mọ́, wọn a ní ẹ̀bùn náà ti fi í sílẹ̀. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ẹ̀bùn wà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé oúnjẹ wà tí ẹ̀bùn ń jẹ, àti pé ẹni tí ń dá fíìmù ṣe, tí kò ní ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn, ni ó yẹ kí ó mọ ibi tí oúnjẹ náà wà ju ẹlòmíràn lọ.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹni tí mo ń pè bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé òun nìkan ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ inú fíìmù. Fíìmù ń fẹ́ ẹni tí yóò kọ ìwé eré, ẹni tí yóò di kámẹ́rà mú, òṣèré, ẹni tí yóò gba ohùn sílẹ̀, àti ẹni tí yóò gé àwòrán tí yóò sì tò ó pọ̀. Ohun tí ó jẹ́ ti òun nìkan ni ìpinnu àti gbèsè. Òun ni ó ń yan ìtàn, òun ni ó ń wá owó, bí iṣẹ́ bá sì forí ṣánpọ́n, òun ni àwọn olówó yóò wá dógò tì.

Ní ilẹ̀ wa, a kò lè sọ̀rọ̀ irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí kí a má dárúkọ Hubert Ògúndé. Ní 1944 ni ó bẹ̀rẹ̀ eré orí ìtàgé ní Èkó. Kò ṣe fíìmù Ayé, tí Ọlá Balógun darí, títí di 1979. Ẹ ṣírò ọdún tí ó wà láàárín: márùndínlógójì. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń ṣeré lójú àwọn tí ó sanwó wọlé, wọ́n sì ń rí i pẹ̀lú ojú ara wọn ibi tí àwọn ènìyàn ti ń rẹ́rìn-ín, ibi tí wọ́n ti ń sunkún, àti ibi tí wọ́n ti ń yán. Nígbà tí kámẹ́rà dé ọ̀dọ̀ Ògúndé, kò sí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń méfò ohun tí yóò wu àwọn ènìyàn rẹ̀. Jáiyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980, Àròpin-ń-tènìyàn sì jáde ní 1982. Àwọn kan a máa sọ pé kíákíá ni àwọn fíìmù náà jáde. Kì í ṣe kíákíá rárá. Àká tí a ti ń kó iṣu sí láti ọjọ́ pípẹ́ ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí.

Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí kò ní ọgbọ̀n ọdún orí ìtàgé yóò ṣe? Ibí yìí ni iṣẹ́ Túndé Kèlání ti wúlò fún wa. A bí i ní 1948, Abẹ́òkúta ni a sì ti tọ́ ọ dàgbà. Ó kọ́ iṣẹ́ fọ́tò, ó ṣiṣẹ́ kámẹ́rà ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn, ó sì lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀n. Ní 1991 ó dá ilé-iṣẹ́ Mainframe sílẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ń pè ní Ọ̀pómúléró. Láti orí Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ní 1993 títí dé orí Àyìnlá ní 2021, iṣẹ́ rẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Kò fi ìgbà kan gbẹ́kẹ̀ lé orí ara rẹ̀ nìkan. Ọ̀dọ̀ àwọn ònkọ̀wé ni ó ń lọ pọn omi.

Ẹ wo bí ó ti rí. Ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ìdààmú Páàdì Mínkáílù, di fíìmù ní 1988, kí Mainframe tó wà. Láti ọ̀dọ̀ Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni Kò Ṣeé Gbé ti wá ní 1995, Ó Le Kú ní 1997, Ṣaworoidẹ ní 1999 àti Agogo Èèwọ̀ ní 2002. Máàmi, tí ó jáde ní 2011, ti ọwọ́ Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan wá. Òtòṣì ni ẹni tí ń dá fíìmù ṣe, kò ní owó tí yóò fi jókòó fún ọdún méjì kí ó máa ronú. Ònkọ̀wé ti ronú fún un. Ó ti dá àwọn ènìyàn inú ìtàn náà, ó ti fi ahọ́n sí wọn lẹ́nu, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti kà á ní kíláàsì fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí a fi mọ ibi tí ìtàn ti le àti ibi tí ó ti rọ̀.

Ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìmẹ́lẹ́ ni èyí. Ó Le Kú jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé ní 1974. Nínú ìwé, ònkọ̀wé lè wọ inú ọkàn Àjàní lọ, kí ó sọ fún wa ohun tí ó ń rò nípa Àṣàkẹ́, nípa Lọlá, nípa Ṣadé. Kámẹ́rà kò mọ ọ̀nà ọkàn. Ojú ni ó ń rí, ẹsẹ̀, ọwọ́, aṣọ, ilẹ̀kùn tí a tì gbà. Nítorí náà gbogbo ohun tí ó jẹ́ èrò ni a ní láti sọ di ohun tí a lè fi ojú rí, iṣẹ́ yìí gan-an ni ó sì ń kọ́ ọgbọ́n àtinúdá bí a ti ń kọ́ ọmọ ní ìrìn. Aṣọ àwọn ọmọbìnrin inú fíìmù náà ràn mí lọ́wọ́ láti ṣàlàyé: ìró kúkúrú pẹ̀lú bùbá, bí wọ́n ti ń wọ̀ ọ́ nígbà àtijọ́ tí ìtàn náà ń sọ nípa rẹ̀. Aṣọ yìí ń sọ ìgbà àti ọjọ́ orí láìsí pé ẹnikẹ́ni lanu. Lẹ́yìn tí fíìmù jáde, àwọn aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í rán an padà, orúkọ tí ará ọjà sì fún un ni "olekú".

Ṣaworoidẹ tilẹ̀ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi a sì máa fi í kọ́ni lọ́dọọdún. Ìlù tí a ń rí níbi ìnáwó ni Ìṣọ̀lá mú, tí ó sọ di májẹ̀mú láàárín ọba àti ará ìlú Jogbo. Ọba tí kò bá ṣe ètùtù ìbúra kò gbọdọ̀ gbọ́ ohùn ìlù náà pẹ̀lú adé lórí. Ẹni tí ó wo fíìmù yìí ní 1999, ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, kò nílò alálàyé. Kò sí ohun olówó iyebíye kan nínú èrò náà: ìlù, adé, ọba, àti ìwà ènìyàn. Nígbà tí mo wà ní òkè òkun fún oyè ọ̀mọ̀wé, mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní kámẹ́rà tí owó rẹ̀ lè kọ́ ilé, tí wọn kò sì rí ohun tí wọn yóò yà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò ní pẹ́ lẹ́nu mi. Adéyẹmí Afọláyan, tí a mọ̀ sí Adé Love, wà lára àwọn aṣáájú. Ọmọ rẹ̀, Kúnlé, ṣe Aresẹ́jábàtà nínú Ṣaworoidẹ. Ó ṣe iṣẹ́ báńkì kí ó tó fi gbogbo ara wọ iṣẹ́ fíìmù, ó sì ṣe Ìràpadà ní 2006 àti Aníkúlápó ní 2022.

Èyí tí ó wúwo jù lọ́kàn mi ni olè. Ní ayé àtijọ́ tí fíìmù jẹ́ selulóìdì, tí a ń gbé e lọ sí òkè òkun fún fífọ̀, ẹni tí ó ni fíìmù a máa gbé ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń tan án sára aṣọ funfun. Abẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni ẹ̀dà náà ń sùn. Nígbà tí fídíò dé, ẹnikẹ́ni tí ó bá rí ẹ̀dà kan fún òru ọjọ́ kan lè sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ná owó púpọ̀ sórí Ọ̀run Móoru ní 1982. Àwọn olè ṣe àdàkọ rẹ̀, wọ́n ń tà á lọ́jà nígbà tí ẹni tí ó ni í kò tíì rí owó rẹ̀ kó jọ. Gbèsè náà dá a lóró fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn amòfin a máa ka èyí sí owó tí ó sọnù. Èmi kà á sí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó fíìmù tòní ni ẹni tí ń dá fíìmù ṣe fi ń bẹ̀rẹ̀ tọ̀la. Ẹni tí ó jí ti òní kò jí iṣẹ́ tí a ti ṣe, iṣẹ́ tí a kò tíì bí ni ó pa. A kò lè ka iye fíìmù tí Bàbá Sàlá kò ṣe. Òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ wà, ti 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2023. Ó dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Aláàbà nìkan ni olè wà. Ó wà ní ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, níbi tí a ti ń fi fíìmù ránṣẹ́ láti fóònù dé fóònù. Ó sì wà ní yàrá àwọn olùkọ́ tí yóò fi èyí tí a jí kọ́ àwọn ọmọ ní ìwà ọmọlúàbí. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí mo gbọ́ pé Kèlání gbé sinimá alágbèéká wọ àwọn àdúgbò Èkó: ó padà sí ọ̀nà Ògúndé, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ bá ojú ènìyàn.

Fálétí kú ní 2017, Ìṣọ̀lá sì tẹ̀ lé e ní 2018. Kànga méjì ni a fi èèpẹ̀ bò láàárín ọdún kan. Àwọn ìwé wọn ṣì wà lórí pẹpẹ ilé ìkàwé wa, eruku ń mu wọ́n. Mo dá a lábàá fún ẹgbẹ́ wa pé kí a yan orí kan ṣoṣo nínú ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá kan tí kò tíì di fíìmù rí, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pín ara wọn sí ọ̀nà méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi fóònù ya orí kan náà láìbá ara wọn sọ̀rọ̀, kí a sì wo méjèèjì pọ̀ ní ìparí ọdún. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ni. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò kọ ni èyí tí a ó fi tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ìwé náà, tàbí lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.