Ohun tó yẹ kí awakọ̀ mọ̀ kó tó ra tírélà tirẹ̀ ní èbúté Abidjan

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó ń kó kọ̀ńténà jáde ní Vridi, ní ìlú Abidjan, ló ti ń wa ọkọ̀ olówó fún ọdún pípẹ́. Ohun tó ń wu wọ́n ni kí orúkọ tiwọn náà wà lára ìwé ọkọ̀. Ẹni tó bá fi owó pamọ́ dáadáa lè rí orí tírélà àlòkù kan rà. Bí owó náà yóò ṣe padà wọlé ni ìbéèrè tó le.

Ọdún 1950 ni wọ́n ṣí ipa omi tí wọ́n gbẹ́ ní Vridi láti so ọ̀sà Ébrié pọ̀ mọ́ òkun. Láti ìgbà náà ni Abidjan ti di ọ̀nà tí ẹrù Burkina Faso àti Mali, tí kò ní etí òkun, ń gbà wọlé. Ibùdó kọ̀ńténà kejì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2022. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò tó ń ṣòwò níbẹ̀ mọ èbúté yìí tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹrù tiwọn ni wọ́n ń retí. Ẹni tó fẹ́ fi kíkó ẹrù ẹlòmíràn jẹun ní ohun mìíràn láti mọ̀.

Ọkọ̀ wo ló yẹ ní rírà?

Òfin tí ìjọba Côte d'Ivoire gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2017 kò gbà kí wọ́n kó ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tó ti lo ju ọdún 10 lọ wọ orílẹ̀-èdè náà. Nítorí èyí, ọkọ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé tẹ́lẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ká. Kí ẹni tó fẹ́ rà á mú mẹkáníìkì tirẹ̀ dání, nítorí ọ̀dà tuntun kì í sọ ohun tí ojú ẹ́ńjìnnì ti rí. Táyà tírélà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀pá mẹ́ta lè tó 22.

Àlọ àti àbọ̀

Láti Abidjan dé Ouagadougou tó nǹkan bí 1,200 kìlómítà. Àlọ nìkan ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń ṣírò. Kọ̀ńténà kì í ṣe ti ẹni tó ni ẹrù, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló ni ín, ó sì gbọ́dọ̀ padà sí èbúté láàárín iye ọjọ́ tí wọ́n dá. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, owó ìtanràn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ìwé àdéhùn kò bá sọ ẹni tí yóò san án nígbà tí aṣọ́bodè bá dá ọkọ̀ dúró, ọrùn onímọ́tò ló sábà máa ń bọ́ sí. Ẹni tó bá rí òwú, yànmọ̀tí tàbí kajú gbé bọ̀ ni àbọ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ òfo.

Àdéhùn tó wà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè náà tún fún ọkọ̀ orílẹ̀-èdè tó ni ẹrù ní ìdá méjì nínú mẹ́ta, ìdá kan tó kù ni ti ọkọ̀ Côte d'Ivoire. Ìdí nìyí tó fi dára kí ẹni tuntun kọ́kọ́ máa gbé ẹrù láti èbúté lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ Yopougon: owó rẹ̀ kéré, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì pọ̀, ṣùgbọ́n ilé ni awakọ̀ ń sùn.

Ìwọ̀n ẹrù náà ṣe pàtàkì. Kọ̀ńténà ẹsẹ̀ bàtà 20 tó kún fún táìlì lè wúwo ju ti ẹsẹ̀ bàtà 40 tó kún fún aṣọ, òfin ìwọ̀n tí àjọ UEMOA ṣe lọ́dún 2005 kò sì wo gígùn àpótí mọ́ ẹnikẹ́ni lára.

Nígbà tí ọ̀nà bá dí

Nígbà tí ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire lọ́dún 2002, ọ̀nà àríwá dí, ẹrù Burkina Faso sì yà sí Téma àti Lomé. Láti oṣù Kìíní sí oṣù Keje ọdún 2022, ECOWAS ti ẹnubodè mọ́ Mali. Gbèsè tí wọ́n fi ra ọkọ̀ kò dúró de ẹnubodè.

Àwọn kan máa ń fi ọkọ̀ wọn sábẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan, tí ilé iṣẹ́ náà yóò sì máa yọ tirẹ̀ nínú owó. Ó jọ ìrẹ́jẹ lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n oníbàárà ńlá kì í tètè sanwó, owó dísù sì nìyí, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá gbéra ni wọ́n ń san án.