Alóre Tí Kò Ní Fèrèsé

Wọn kì í gba owó ìwọlé ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà tó wà lẹ́bàá ìlú Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Wọ́n á yẹ àpò rẹ wò lẹ́nu ọ̀nà, ó parí. Ilé gàgàrà mẹ́rin ni, wọ́n so kọ́ ara wọn, ìkẹrin nínú wọn ṣí ní ọdún 2016. Orí ilẹ̀ bárékè Wright-Patterson ni gbogbo rẹ̀ wà, ilẹ̀ bárékè yìí kan náà ni pápá Huffman Prairie wà, níbi tí Wilbur àti Orville Wright ti kọ́ bí a ṣe ń yí bàálù po lójú òfurufú ní 1904 àti 1905.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó ń gbé ní Columbus la jọ lọ. Bàálù àwọn ààrẹ ni ẹ̀gbọ́n fẹ́ wò. Èmi ń wá àwọn alóre: àwọn ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n kọ́ kí wọ́n lè gòkè kọjá ibi tí ọwọ́ ọ̀tá tó, kí wọ́n máa ya àwòrán ilẹ̀ láti ibẹ̀. Lọ́dún 2014, nígbà tí orúkọ Chibok, ìlú tí wọ́n ti jí àwọn ọmọbìnrin kó, gba ẹnu gbogbo ayé kan, irú ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Global Hawk wá fò lórí ilẹ̀ Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ló ti ń wù mí kí n fi ojú ara mi rí i.

A kọ́kọ́ gba gbọ̀ngàn ìgbà tí Amẹ́ríkà àti ìjọba Sófíẹ́tì ń ṣọ́ ara wọn kọjá. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì kò sì fẹ́ kí ojú òun kúrò lára èkejì. Bàálù amí U-2 wà níbẹ̀, ó dúdú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹ́ rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ dáadáa. Èyí tí wọ́n kó sí Dayton kò ṣe amí rí. Wọ́n fi ṣe ìwádìí atẹ́gùn líle òkè réré ní àwọn ọdún 1960 ni. Àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe amí. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún ọdún 1960, mísáìlì já ọ̀kan bọ́ ní agbègbè Sverdlovsk, wọ́n mú awakọ̀ rẹ̀, Francis Gary Powers, láàyè. Ẹ̀wọ̀n ló wà títí di oṣù kejì ọdún 1962 tí wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ lórí afárá kan létí Berlin. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú Powers ni àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà ti tẹra mọ́ ìbéèrè kan: ṣé a kò lè rán ojú lọ láìrán ènìyàn?

Ìdáhùn kan tó kọ́kọ́ jáde wà nínú ilé yìí kan náà. D-21 ni wọ́n ń pè é, ó dúdú bíi SR-71 tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ilé iṣẹ́ Lockheed. Ó ń sáré ju ìró lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ le: abẹ́ bàálù ajubọ́ǹbù B-52 ni wọ́n á ti jù ú sílẹ̀, á fò wọ ilẹ̀ Ṣáínà, á ya àwòrán, á padà sórí òkun, á ju àpótí kámẹ́rà àti fíìmù sílẹ̀ pẹ̀lú párásúùtù, lẹ́yìn náà á fọ́ ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n rán an láàárín 1969 àti 1971. Àkọ́kọ́ kò yípadà, ó ń lọ tààrà títí ó fi já sí ilẹ̀ Sófíẹ́tì. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, àpótí rẹ̀ bọ́ sínú òkun. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkọ̀ ojú omi tó lọ gbé àpótí náà ló kọlù ú, ó rì. Ìkẹrin sọnù sí Ṣáínà. Kò sí àwòrán kan ṣoṣo tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Mo dúró pẹ́ nídìí D-21 yìí, nítorí pé ní ti eré sísá, ọ̀gá ni. Àmọ́ nínú ẹ̀ẹ̀mejì láàárín mẹ́rin, ọ̀nà tí àwòrán yóò gbà dé ọwọ́ ẹni tó nílò rẹ̀ ló bà á jẹ́.

Ibi tí Global Hawk wà ni mo ti wá mọ ohun tí nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún yí padà. Ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ ni. Imú rẹ̀ ló kọ́kọ́ gba ojú mi. Ó wú rọ̀bọ̀tọ̀, kò ní fèrèsé, kò ní ilẹ̀kùn èrò, kò sí ibikíbi tí ènìyàn lè jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n yí i ká, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó ní, “Níbo wá ni ojú rẹ̀ wà?”

Abẹ́ ikùn ni ojú wà: kámẹ́rà ojúmọmọ, kámẹ́rà tó ń rí ooru ara lóru, àti rédà tó ń ya àwòrán ilẹ̀ bí ìkùukùu tàbí eruku bá tilẹ̀ bo ibẹ̀. Ohun tó wà nínú imú tó wú yẹn yàtọ̀. Díìṣì ni, ó fẹ̀ tó mítà kan àti díẹ̀, irú èyí tí à ń gbé sórí òrùlé nítorí tẹlifíṣọ̀n, àfi pé èyí ń yí lórí ìdí rẹ̀ kí ó lè máa dojú kọ sátẹ́láìtì bí bàálù bá ti ń yí. Ibẹ̀ ni àwòrán ń gbà jáde lójú ẹsẹ̀. Fíìmù, àpótí àti párásúùtù ti kúrò ńbẹ̀.

Ìyẹ́ rẹ̀ láti orí kan dé èkejì jẹ́ mítà 35.4, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àwọn Boeing 737 kan tí à ń wọ̀ láti Èkó lọ sí Àbújá, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ kò ju mítà 13.5 lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé atẹ́gùn fẹ́lẹ́ ní ibi tó ń lọ, nǹkan bíi mítà 18,000 sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ibi tí bàálù èrò ń fò. Ìyẹ́ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló lè gbé e dúró níbẹ̀ láìjẹ epo púpọ̀. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn rẹ̀, AE 3007 ti Rolls-Royce. Ìdílé ẹ́ńjìnnì yìí kan náà ló ń gbé Embraer 145 tí Air Peace ń lò nílé. Pẹ̀lú rẹ̀, Global Hawk lè wà lókè ju ọgbọ̀n wákàtí lọ. Kò sí awakọ̀ tí ara rẹ̀ lè gba ìyẹn, kódà pẹ̀lú ẹ̀wù bíi ti arìnrìn-àjò inú òṣùpá tí àwọn awakọ̀ U-2 ń wọ̀.

Edwards ní California ló ti kọ́kọ́ fò, ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún 1998. Ilé iṣẹ́ Ryan ní San Diego, tó ti kọ́ àwọn drone, bàálù tí kò ní awakọ̀ nínú, tí wọ́n lò ní Vietnam, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí Northrop Grumman tó ra ilé iṣẹ́ náà ní 1999. Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, ọ̀kan gbéra láti Edwards, ó sọdá Òkun Pàsífíìkì, ó sì balẹ̀ sí Ọsirélíà láìdúró lọ́nà. Àwọn tó ń darí rẹ̀ kì í di ọ̀pá ìtọ́kọ̀ mú. Máòsì àti kííbọ́ọ̀dù ni. Wọ́n á sọ ibi tí ó máa lọ fún un, òun fúnra rẹ̀ á gbéra, á lọ, á padà balẹ̀. Àwọn kan wà ní pápákọ̀ tó ti gbéra, àwọn mìíràn wà ní ibùdó mìíràn, bíi Beale ní California nígbà kan, tí wọ́n ń bójú tó o lọ́nà jíjìn, lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ń ka àwòrán wà, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti sọ pé ọkọ̀ ni èyí, àgùntàn ni tọ̀hún, ìyẹn sì jẹ́ ọmọdé tó gbé igi ìdáná sórí.

Agbára kí wọ́n bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1999, èkejì nínú àwọn Global Hawk ń fò lórí China Lake ní California. Àwọn kan ń dán ẹ̀rọ wò ní Nellis, ní ìpínlẹ̀ Nevada, wọ́n sì fi àmì tó ń pàṣẹ fún drone pé kí ó pa ara rẹ̀ ránṣẹ́ lórí ìgbì rédíò kan náà. Bàálù gbọ́ àṣẹ, ó ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó já lulẹ̀. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀ kí ó tó já.

Láti ìgbà náà, wọ́n ti tún un kọ́ léraléra. Ìyẹ́ àwọn tó tẹ̀ lé e gùn dé mítà 39.9, ẹrù tí wọ́n lè gbé kúrò ní nǹkan bíi kílò 900, ó di bíi 1,360. Wọ́n fún àwọn kan ní etí tó ń gbọ́ rédíò ọ̀tá, wọ́n fún àwọn mìíràn ní rédà tó ń tọ ipa ohunkóhun tó bá ń rìn nílẹ̀. Síbẹ̀ U-2 kò kú. Ní 2012, àwọn ọmọ ogun òfurufú ní àwọn fẹ́ dáwọ́ lílo irú Global Hawk tí wọ́n ń pè ní Block 30 dúró kí àwọn lè pa U-2 mọ́, nítorí pé kámẹ́rà arúgbó yẹn dára jù. Ilé aṣòfin kọ̀. Ní 2014 wọ́n yí i po, wọ́n ní U-2 ni kó lọ. Ní 2016 ni wọ́n wá gbé kámẹ́rà U-2 gan-an sára Global Hawk, ó sì ṣiṣẹ́. Lójú tèmi, ìyẹn ni àtúnṣe tó mọ́gbọ́n wá jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Àwọn Block 30 náà ti fẹ̀yìn tì báyìí, wọ́n ń sọ àwọn kan nínú wọn di Range Hawk ní North Dakota, kí wọ́n lè máa wo ìdánwò mísáìlì tó ń sáré àsápajúdé.

Gíga nìkan kò tó fún ààbò, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe tó fún Powers. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹfà ọdún 2019, mísáìlì Iran já ọ̀kan tí ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ń lò bọ́ lẹ́bàá ọrùn omi Hormuz.

Ẹ̀gbọ́n ti gbàgbé bàálù àwọn ààrẹ. Ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé, ṣé irú èyí náà ni wọ́n fi wá àwọn ọmọ Chibok? Kí ló wá rí?”

Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un. Àwọn ọmọbìnrin 276 ni wọ́n kó lọ lóru ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin ọdún 2014. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta sá mọ́ wọn lọ́wọ́ láìpẹ́ sí i, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi sá. Global Hawk dé ní oṣù karùn-ún. Mọ́kànlélógún jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, méjìlélọ́gọ́rin ní oṣù karùn-ún ọdún 2017. Ìjíròrò ló mú wọn jáde, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Red Cross láàárín. Ọ̀pọ̀ kò tíì padà wálé di ìsinsìnyí. Ojú tó wà lókè kò ní ọwọ́ nílẹ̀.

Orílẹ̀-èdè wa náà ti ń kó drone jọ. Ní 2018 wọ́n ṣí aṣọ lójú Tsaigumi, èyí tí àwọn ọmọ ogun òfurufú wa kọ́ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ kan láti Portugal, wọ́n sì ti ra àwọn ńláńlá láti Ṣáínà. Kò burú. Ohun tó ń dùn mí ni Tudun Biri, ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ní ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá ọdún 2023. Àwọn ará abúlé kóra jọ ṣe Máólúdì lálẹ́, drone àwọn ológun rí wọn kedere, àwọn tó ń wo àwòrán sì pè wọ́n ní ọlọ̀tẹ̀, wọ́n ju bọ́ǹbù lù wọ́n. Ó kéré tán, ènìyàn 85 ni wọ́n sin. Kámẹ́rà tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ní gbà wọ́n là. Bí wọ́n bá tún fẹ́ náwó, kí ìdá kan nínú owó náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tí yóò máa ka àwòrán, kí wọ́n sì wá wọn láàárín àwọn tó gbọ́ Hausa, tó gbọ́ Kanuri, tó mọ ọjọ́ ọjà abúlé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mọ̀ pé alẹ́ Máólúdì ni àwọn ènìyàn yẹn ń ṣe ló yẹ kó wà nídìí ẹ̀rọ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.