Kọ̀ǹkọ̀sọ̀ Tó Wà Nínú Àpótí Orin

Ẹni tó bá ti jókòó ti obìnrin tó ń ku èlùbọ́ ní Jọbẹ̀lẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní í ṣòro fún un. Ìyá mi a da èlùbọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọlọ dé sínú kọ̀ǹkọ̀sọ̀, a gbé abọ́ ńlá sísàlẹ̀, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í mì ín lọ mì ín bọ̀. Èyí tó kúnná a máa rọ̀ sílẹ̀, èyí tí kò kúnná a dúró sókè. Èyí tó rọ̀ sílẹ̀ ni àmàlà wa. Èyí tó dúró sókè, adìyẹ ló ni ín. Bí kọ̀ǹkọ̀sọ̀ náà bá ya níbì kan, ojú lè má tètè rí i. Ìgbà tí a bá ń jẹun, tí kókó há sọ́nà ọ̀fun, la ó tó mọ̀.

Irú kọ̀ǹkọ̀sọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú sípíkà onípákó méjì tí bàbá mi rà ní tòkunbọ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. N kò mọ̀ nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, àwo apàlà Haruna Ishola ni wọ́n máa ń fi sí i, agídìgbo á máa mi pákó àga lábẹ́ wa, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á máa ta sí wa létí lókè. Nígbà tó yá, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé àwọn ò gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mọ́. A ní etí àgbà ni. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, nítorí bí ènìyàn bá ṣe ń dàgbà, ohùn tó wà lókè téńté ló kọ́kọ́ máa ń sọnù ní etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ní ọgbọ́n tiwọn. Wọ́n dìde, wọ́n lọ gbé etí sún mọ́ àpótí òsì, wọ́n tún lọ sún mọ́ ti ọ̀tún, wọ́n wá yíjú sí mi: "Ṣé etí mi wá mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ni?"

Bí mo ṣe gbé àpótí ọ̀tún lọ sọ́dọ̀ rédíónìkì kan lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ nìyẹn.

Kí n tó sọ ohun tó rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ẹnu fi ju ọ̀kan lọ lára àpótí kan. Etí ọmọ ènìyàn ń gbọ́ ohùn tó bá gbọ̀n láti nǹkan bí ìgbà 20 títí dé ìgbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìsàlẹ̀ ni agídìgbo wà, níbi tí ohùn ti ń rọra gbọ̀n. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà lókè. Wúfà, ẹnu ńlá tó fẹ̀ bí àwo ìjẹun, wúwo. Bí ẹ bá ní kó gbọ̀n ní ìgbà 10,000, ẹ kàn ń dá a lóró ni. Twítà, ẹnu kékeré, ẹ̀wẹ̀ kò ju ìdérí ìgò lọ. Bí ẹ bá da agídìgbo lé e lórí, ó lè jóná, ó sì lè ya. Ọmọ odó kò ṣeé fi yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀, abẹ́rẹ́ kò sì ṣeé fi gúnyán. Ohun tó ń pín iṣẹ́ náà fún àwọn méjèèjì ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní kírọ́sófà.

Rédíónìkì tú ẹ̀yìn àpótí náà. Erùpẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà òkú aáyán méjì. Ó na tọ́ọ̀ṣì sínú, ó sì fi irin tó ń tú ìdè tọ́ka sí pákó pẹlẹbẹ kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn." Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kọ́ìlì kan ni mo rí, wáyà bàbà tí wọ́n wé yíká bí òwú tí wọ́n ká sára igi, àti kapasítọ̀ kan tó dà bí àjókù sìgá, tí rọ́bà ara rẹ̀ ti súnkì. Àwọn nǹkan méjì yìí ló ti ń darí apàlà ilé wa láti bí ọgbọ̀n ọdún.

Iṣẹ́ wọn kò le láti yé ènìyàn. Kapasítọ̀ ni kọ̀ǹkọ̀sọ̀ twítà: ohùn tó ń yára gbọ̀n a kọjá lára rẹ̀, èyí tó ń lọ́ra a dúró. Kọ́ìlì ni ti wúfà, òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣe. Ibi tí kọ̀ǹkọ̀sọ̀ inú àpótí ti yà kúrò lára ti ìyá mi ni pé kì í gé nǹkan bí ọ̀bẹ. Ṣe ló ń dín ohùn kù díẹ̀díẹ̀, bí ọ̀nà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lára òkè. Kapasítọ̀ ẹyọ kan a máa dín ohùn kù ní desibẹ́ẹ̀lì 6 ní gbogbo ìgbà tí ìgbọ̀n rẹ̀ bá wálẹ̀ sí ìdajì. Bí wọ́n bá fi kọ́ìlì kan tì í lẹ́yìn, ó di 12. Lọ́dún 1976, Siegfried Linkwitz àti Russ Riley, ẹnjiníà méjì ní Hewlett-Packard ní Amẹ́ríkà, gbé irú èyí tó ń dín in ní 24 jáde, orúkọ wọn ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní. Àpótí bàbá mi kò dé ibẹ̀. Olówó pọ́ọ́kú ni, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ní.

Rédíónìkì tú ẹsẹ̀ kan kapasítọ̀ náà, ó fi mítà sí i. Wọ́n kọ máíkírófáràdì 6.8 sí i lára. Mítà ka 4.1. Twítà náà jẹ́ ohm 8, pẹ̀lú 6.8, ibi tí ọ̀nà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ fún un kò jìnnà sí ìgbà 2,900. Pẹ̀lú 4.1, ó di nǹkan bí ìgbà 4,850. Wúfà ti ń sọ̀ kalẹ̀, twítà kò tíì gòkè dé, àlàfo wá wà láàárín wọn níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti fi gbogbo ara ṣiṣẹ́. Èyí tó tún burú ni pé kapasítọ̀ tó bá ti gbó bẹ́ẹ̀ a máa dènà iná tó ń kọjá, nítorí náà ìwọ̀nba díẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ twítà pàápàá ti rẹ̀ kó tó dé.

Kí ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀? Omi inú rẹ̀ ti gbẹ. Irú kapasítọ̀ yìí, bébà tí wọ́n rẹ sínú omi ni wọ́n fi sáàárín bébà alumíníọ̀mù, tí wọ́n sì ká a jọ bí ẹní. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, omi náà a máa jò lọ díẹ̀díẹ̀, ooru sì ni ọ̀tá rẹ̀ tó ga jù. Ojú fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń là wọlé ni àpótí ọ̀tún wà nílé wa. Ti òsì wà nínú òjìji, nígbà tí a sì gbé e wá, 7.2 ni mítà kà.

Kọ́ìlì kì í gbẹ. Ẹ fi sílẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí wáyà rẹ̀ sanra, láìmọ̀ pé ẹni tó ṣe àpótí náà ti ka àìsanra wáyà yẹn mọ́ ìṣirò rẹ̀.

Kapasítọ̀ tuntun tí a fi sí i jẹ́ oníke, èyí tí wọ́n ń fi polypropylene ṣe. Kò sí omi nínú rẹ̀, kò sí ohun tí yóò gbẹ. Àmọ́ ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń jìn sí. Ti àtijọ́, kódà nígbà tó wà ní tuntun, ní ìdènà díẹ̀ nínú. Oníke fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní rárá. Bí ẹ bá kàn gbé e sí i, twítà lè máa pariwo ju bí ẹni tó ṣe é ṣe fẹ́ lọ, gbogbo ènìyàn á sì máa kígbe pé ohùn ti mọ́. Kò mọ́, ó kàn ròkè ni. Rédíónìkì yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀: ó fi rẹ̀sísítọ̀ kan tí kò tó ohm 1 sí i láti dá ìdènà náà padà. Ó ṣe àpótí méjèèjì pọ̀, nítorí a kì í fi bàtà tuntun sí ẹsẹ̀ kan. Ó sì sàmì sí wáyà twítà kó tó tú u, kó má baà yí i sódì.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ padà dé. Ìyàtọ̀ yẹn kò nílò ẹlẹ́rìí. Ìyá mi tó wà lẹ́yìnkùlé ló béèrè pé ta ló wá lu ìlù nílé.

Ibi tó yẹ kí n dúró sí nìyẹn. Ojú kòkòrò mú mi. Mo gbọ́ pé kapasítọ̀ oníke kan wà tí owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti èyí tí a rà, mo sì ní kí wọ́n bá mi mú un wá láti Èkó. Mo ní kí rédíónìkì má yọ ti àkọ́kọ́, kó fi súìsì sẹ́yìn àpótí kí n lè máa lọ láti ọ̀kan sí èkejì. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo jókòó, mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sẹ́yìn kó yí i sí olówó ńlá. Hàà! Mo gbọ́ afẹ́fẹ́ láàárín ìlù sí ìlù. Mo gbọ́ bí Haruna ṣe mí kó tó dá orin. Mo ń ṣàlàyé fún bàbá mi lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ náà yọrí jáde. "Bàbá kékeré, ẹ dákun, mi ò tíì yí i. Súìsì le."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́.

Mo bínú díẹ̀, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ la rí? Bí mo bá nawọ́ ọsàn sí yín, tí mo ní ọsàn Fìdítì ni, adùn rẹ̀ á ti dé ẹnu yín kí ọsàn tó dé. Lọ́dún 1994, Floyd Toole àti Sean Olive dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò ní ilé-iṣẹ́ Harman ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà fi máàkì fún sípíkà mẹ́rin, nígbà kan pẹ̀lú ojú, nígbà mìíràn láti ẹ̀yìn aṣọ títa. Nígbà tí ojú ń wò, àwọn tó tóbi tó sì wọ́n gba máàkì rẹpẹtẹ. Kékeré onírọ́bà já sílẹ̀. Nígbà tí aṣọ bò wọ́n, ìdájọ́ yí padà. Èyí tó kàn wá jù ni pé méjì nínú àwọn ńlá náà, kírọ́sófà nìkan ló mú wọn yàtọ̀ síra: wọ́n ní ọ̀kan bá etí àwọn ará Jámánì mu, èkejì bá ti àwọn ará àríwá Yúróòpù mu. Lẹ́yìn aṣọ, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan, ilé-iṣẹ́ náà sì wá ń ta ẹyọ kan ṣoṣo fún gbogbo Yúróòpù.

A ṣe tiwa ní pálọ̀, ní Jọbẹ̀lẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ta owó ẹyọ sókè lẹ́yìn àpótí, orí ni olówó ńlá, ìrù ni olówó pọ́ọ́kú, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. A kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tí ń wọn ariwo lórí fóònù rí i dájú pé ariwo àwọn méjèèjì dọ́gba, nítorí èyí tó bá fi díẹ̀ ròkè ni etí yóò pè ní dáadáa. Ẹni tó kàn ń dá a lábàá lè gba 5 nínú 10. Kí ó gba 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ni orí lè bá a ṣe é.

A kọ́kọ́ dá òkú kapasítọ̀ 4.1 padà kí á fi í wéra pẹ̀lú tuntun olówó pọ́ọ́kú. Mo gba 10 nínú 10, rédíónìkì náà gba 10, bàbá mi pẹ̀lú ọdún orí wọn gba 9. Lẹ́yìn náà ni olówó ńlá àti olówó pọ́ọ́kú. Rédíónìkì gba 6. Èmi gba 4. Bàbá kọ̀ láti dá sí i. Wọ́n ní kí á jẹ́ kí àwọn gbọ́ orin náà tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí oorun tó gbé àwọn lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní irú àpótí bẹ́ẹ̀ nílé, tí ohùn rẹ̀ ti ń ṣe bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu, ẹ má tíì gbé e fún àwọn tó ń ra àlòkù káàkiri. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi mítà sí kapasítọ̀ rẹ̀ ná. Àwọn olówó ńlá méjì tèmi wà nínú dúrọ́ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá fẹ́ wọn, kó wá dá owó lé wọn.