Ẹ Má Tètè Da Òbúkọ Ọjà Mọ́ Ewúrẹ́ Ilé

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa ní Ìlọrin, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kí Iléyá tó dé. Oṣù márùn-ún ni ewúrẹ́ fi ń lóyún, ó sì sábà máa ń bí ìbejì. Owó ilé-ìwé ọmọ ni fún ọ̀pọ̀ ìyá. Ṣùgbọ́n òbúkọ kan ṣoṣo tí a rà lọ́jà lè kó àrùn wọ agbo.

Kátà ni àrùn náà. PPR ni àwọn dókítà ẹran ń pè é. Ara ẹran yóò gbóná, ojú àti imú rẹ̀ yóò máa ṣomi, yóò sì máa ya ìgbẹ́ gbuuru. Kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń ran àgùntàn. Ẹran tí àìsàn rẹ̀ hàn gbangba kò sì yẹ fún Iléyá.

Kí ni ṣíṣe? Bí ẹran tuntun bá jẹ́ ti Iléyá, ẹ so ó sọ́tọ̀ títí ẹ ó fi pa á; bí ó bá jẹ́ ti sísìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí igbá omi rẹ̀ dá wà. Àwọn ti ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ àlejò.

Kátà kò ní oògùn tí í wò ó, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Wọ́n ń ṣe é ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, níbi tí iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti bẹ̀rẹ̀ ní 1924. Ẹ̀ẹ̀kan péré ń dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta. Ẹ bi dókítà ẹran bóyá inú òtútù ni abẹ́rẹ́ wà, nítorí ooru a máa bà á jẹ́.

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o.